Ọjọ́ Tí Dúróònù Kó Mi Sọ́wọ́ Àwọn Ọdẹ ní Ọ̀kà

Ẹ gbé Jésù ga! Ẹ tún un gbé, ẹ̀yin ará, nítorí èyí tí ẹ gbé yẹn kò tó ohun tó ṣe fún mi. Ó ṣì kù. Ehn-ehn, ẹ ṣeun. Bùrọ́dà tó wà nídìí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dín in kù, ó ń ké mọ́ mi létí. Gbogbo nǹkan tó ń jẹ́ ẹ̀rọ lọ́dún yìí, àfi bí ẹni pé wọ́n dìtẹ̀ mọ́ mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ẹsẹ̀ mi méjèèjì ni mo fi dúró níwájú yín láàárọ̀ yìí, pé kì í ṣe fọ́tò mi ni wọ́n gbé síwájú pẹpẹ tí ẹ wá ń sunkún yí ká.

Ẹ̀yin tí ẹ kò bá mọ̀ mí, èmi ni Ìyá Tóbi. Iṣẹ́ fọ́tò àti fídíò ni mò ń ṣe ní Ìkàrẹ́ níbí. Ìgbéyàwó, ìkómọjáde, ìsìnkú, gbogbo rẹ̀ ni mò ń yà. Ó ṣọ̀wọ́n ẹni tó jókòó síbí tí n kò tíì sọ fún rí pé kó gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀. Nígbà tó wá di pé gbogbo ènìyàn ní àwọn ń fẹ́ èyí tí wọ́n yà láti òkè, mo ra dúróònù, ẹ̀rọ kékeré yẹn tó máa ń fò bí ẹyẹ, tó ń ya àwòrán. Tòkunbọ̀ ni. Ẹni tó tà á fún mi ní kò níṣòro kankan. Irọ́ gbuu!

Ẹ̀rọ náà fìyà jẹ mí o. Kó tó gbéra, ó máa ní kí n so òun mọ́ fóònù. Fóònù á ní áàpù ti gbó, kí n lọ wá tuntun. Tí mo bá ra dátà, tí mo wá tuntun tán, dúróònù á tún ní òun kò mọ ibi tí òun wà, kí n gbé òun lọ́wọ́ kí n máa fi òun yípo. Èmi ìyá ọlọ́mọ, màá dúró láàárín pápá ilé-ìwé, màá máa pòòyì, àwọn tó ń kọjá á máa wò mí pé kí ló ṣe Ìyá Tóbi. Bàbá Tóbi ní, "Ẹ̀rọ tó yẹ kó máa gbọ́ tìẹ, ìwọ lò ń gbọ́ tiẹ̀." Ẹ wò ó níbẹ̀ yẹn, ó ń rẹ́rìn-ín.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Àwọn ọ̀dọ́ kan kéde ìpàtẹ ìmọ̀ ẹ̀rọ fún gbogbo Àkókó, wọ́n ní Ìkàrẹ́ níbí ni àwọn ti máa ṣe é. Wọ́n ní bóyá iṣẹ́ òòjọ́ ẹni ni o, bóyá èèyàn kàn ń fi ṣeré ni o, kí ẹni tó bá ń fi ẹ̀rọ ìgbàlódé ṣe nǹkan gidi wá fi hàn. Àgbẹ̀ kan ń bọ̀ láti Ṣúpárè, ẹni tó ń fi fóònù yẹ àrùn ara ẹ̀gẹ́ wò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń bọ̀ láti Àkùngbá. Tíṣà kan ní Òkè-Àgbè fẹ́ gbé rédíò tó fọwọ́ ara rẹ̀ tò wá. Èmi, wọ́n ní kí n wá fi Àkókó hàn láti òkè. Inú mi dùn, àṣé wàhálà ni mo tọwọ́ bọ̀.

Wọ́n kó gbogbo wa sí gúrúùpù Wátsáàpù kan. Ẹ̀yin ará, ẹ má jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ gúrúùpù yẹn! Láàárọ̀, àwòrán òdòdó. Lọ́sàn-án, òdòdó. Wọ́n yí gbọ̀ngàn padà, wọ́n yí ọjọ́ padà, wọ́n tún dá gbọ̀ngàn padà sí ti tẹ́lẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo bi wọ́n: "Ṣé iná máa wà?" Ẹnì kan fi àdúrà ránṣẹ́. Ẹnì kan ní òun ń ta oyin. Kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn títí di òní.

Mo ti ya òkè Ìkàrẹ́ tán. Ó ku àwọn àpáta Ọ̀kà. Nígbà tó ku ọ̀la kí ìpàtẹ wáyé, mo gun ọ̀kadà lọ sí Ọ̀kà lọ́sàn-án gangan. Mo dé ìdí àpáta, mo pòòyì tán, ẹ̀rọ gbéra. Ẹ̀yin ará, ó dára! Òrùlé ilé ló ń tò lọ bẹ́ẹ̀, àpáta dúró gbọingbọin, oko tẹ́ lọ salalu. Mo ní áà, Ọlọ́run, ibi tí ìwọ máa ń dúró wò wá nìyí.

Bí mo ṣe sọ bẹ́ẹ̀ tán, atẹ́gùn kan dé. Ẹ̀rọ yí gba ẹ̀yìn àpáta, fóònù ní òun kò rí i mọ́. Mo ní, "Padà! Padà wá!" bí ẹni ń bá ajá wí. Kò padà. Mo gun àpáta tẹ̀lé e, bàtà mi já, ẹ̀gún fà mí láṣọ ya. Nígbà tí mo máa fi yọ sí ẹ̀yìn àpáta, inú oko ẹ̀gẹ́ ni mo bá ara mi. Màmá àgbàlagbà kan dúró pẹ̀lú ọkọ́ lọ́wọ́, ó ń wo dúróònù mi tó dojú dé lórí ebè.

Mo ní, "Ẹ káàsán o, Màmá. Ẹ̀rọ mi nìyẹn."

Igbe ló fi ta. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ mú ẹ̀rọ, àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ ìlú ti yọ láti inú igbó, ìbọn lọ́wọ́ wọn. Gbogbo wa la mọ bí ọ̀nà wọ̀nyí ṣe rí. Kò sí ẹni tó wà níbí tí kò mọ ẹnì kan tí àwọn ajínigbé gbé rí. Lónìí, n kò bá àwọn ọdẹ yẹn wí. Lọ́jọ́ yẹn ńkọ́? Mo bá wọn wí gidi.

Ọ̀gá wọn ń jẹ́ Bọ̀dé, ọkùnrin gíga kan. Ó ní, "Ta ló rán ẹ?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi. Ayafọ́tò ni mí."

"Ayafọ́tò wo ló ń ya igbó? Ṣé igbó ń gbéyàwó ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ìpàtẹ ni mo fẹ́ lò ó fún, ní Ìkàrẹ́, lọ́la."

"Ìpàtẹ! Ṣé àwa lẹ fẹ́ lọ pàtẹ níbẹ̀, kí àwọn ajínigbé wá yan èyí tó bá wù wọ́n?"

Mo ní ó dáa, ẹ jẹ́ kí n fi ìwé ìpè mi hàn yín, ó wà nínú fóònù. Mo tẹ fóònù. Ó ti kú! Áàpù dúróònù ti mu iná rẹ̀ tán pátápátá. Ọ̀kan nínú wọn pariwo pé, "Ẹ wò ó, ó ti pa á! Ó ń pa ẹ̀rí mọ́!" Ẹ̀rí wo? Báàtìrì ló tán!

Bọ̀dé na fóònù tirẹ̀ sí mi. Ó ní kí n pe ọkọ mi. Ẹ̀yin ará, láti ìgbà tí mo ti ń bímọ fún Bàbá Tóbi, n kò mọ nọ́ńbà rẹ̀ lórí. Orúkọ rẹ̀ ni mo máa ń tẹ̀! Mo gbìyànjú. Ọkùnrin kan gbé e, Haúsá ló ń sọ. Mo tún un tẹ̀. Obìnrin kan ló gbé e, ó ní, "Kí lo fẹ́ fi ọkọ mi ṣe?" Ọdẹ kan ní, "Ẹ gbọ́, obìnrin yìí ò tilẹ̀ lọ́kọ."

Wọ́n fi okùn báàgì dúróònù dì mí lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú wọn tí ojú rẹ̀ pọ́n ní kí wọ́n má wulẹ̀ pe ọlọ́pàá, pé ẹni tí a bá fà lé ọlọ́pàá lónìí, ọ̀la la máa tún rí i lójú ọ̀nà. Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ ohun tó ń sọ. Mo kúnlẹ̀ sórí ebè.

N kò ní purọ́ níwájú pẹpẹ: àdúrà tí mo gbà kì í ṣe àdúrà tó dùn ún gbọ́. Ìjà ni mo ń bá Ọlọ́run jà. Mo ní, "Olúwa, Ìwọ tí kò nílò dúróònù kí o tó rí èèyàn láti òkè, ṣé o ò rí mi ni? Ṣé báàtìrì tìrẹ náà ti tán?" Ẹ má rẹ́rìn-ín, ohun tó ń gbóná lọ́kàn mi nìyẹn. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé ohùn Ọ̀kà ni mo fi ń gbà á. Ọmọ Ọ̀kà ni ìyá tó bí mi. Ìkàrẹ́ ni mo dàgbà sí, ohùn Ìkàrẹ́ ni mo fi ń bá ọkọ mi jà, Yorùbá inú ìwé ni mo fi ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀. Láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, n kò sọ ohùn rẹ̀ mọ́. Àmọ́ lórí ebè yẹn, òun ló jáde lẹ́nu mi.

Màmá yẹn sọ ọkọ́ sílẹ̀. Ó ní, "Ta ló kọ́ ẹ ní ohùn yẹn?"

"Ìyá mi ni, mà."

"Ta ni ìyá ẹ?"

"Àlíìsì. Àlíìsì oníbúrẹ́dì tó lọ sílé ọkọ n'Íkàrẹ́."

Ó sún mọ́ mi, ó tẹjú mọ́ mi. Ó ní, "Àlíìsì tí mo mọ̀, nǹkan ṣe é lọ́wọ́."

Mo ní, "Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń po ìyẹ̀fun ló gé ìka ọmọńdinrín rẹ̀, tọwọ́ òsì."

Màmá yẹn gbé ọwọ́ lérí. "Yéè! Orí ẹní kan náà la jọ sùn dàgbà! Bọ̀dé, tú u! Tú ọmọ Àlíìsì sílẹ̀!"

Bọ̀dé ní, "Màmá Rúùtù, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹni náà lè máa bá ajínigbé rìn. Ẹ jẹ́ ká rí ohun tí ẹ̀rọ yìí yà ná."

Ilé Màmá Rúùtù kò jìnnà, ó sì ní iná sólà kan tó ní ihò tí wọ́n fi ń ṣájì fóònù. Wọ́n ki fóònù mi bọ̀ ọ́, gbogbo wa jókòó yí i ká bí ẹni ń ṣọ́ aláìsàn. Fóònù tàn, ó kú. Ó tún tàn, ó tún kú. Inú ń bí mi débi pé mo fẹ́ gbàgbé pé wọ́n dì mí lọ́wọ́. Nígbà tó wá jí dáadáa, ìwé ìpè jáde, Bọ̀dé kà á. Lẹ́yìn náà, mo júwe bí wọ́n ṣe máa yọ káàdì tó wà nínú dúróònù, wọ́n ki í bọ fóònù, wọ́n tẹ fídíò.

Òrùlé kọjá, àpáta kọjá, oko ẹ̀gẹ́ dé. Màmá Rúùtù rí ara rẹ̀ níbi tó ti ń roko. Ó ní, "Èmi rè é!" Màmá inú fídíò gbójú sókè. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú ògúlùtu kan, ó ju apá sẹ́yìn. Ògúlùtu ń bọ̀, ó ń tóbi sí i. Gbàà! Ojú ọ̀run yí po, ewé ẹ̀gẹ́ bo gbogbo rẹ̀, ó parí.

Mo ní, "Màmá! Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ lókò!"

Ó ní, "Èmi mọ̀ ni? Mo rò pé àwòdì tó ń gbé àdìẹ mi ni."

Bọ̀dé ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ẹni tójú rẹ̀ pọ́n yẹn náà rẹ́rìn-ín. Èmi, ẹkún ni mo bú sí, mi ò lè dá a dúró. Bọ̀dé tú ọwọ́ mi fúnra rẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ má bínú. Ẹ̀rù ló ń bà wá." Láti orí "ìwọ obìnrin yìí," mo di Màmá! Bàbá Tóbi gun ọ̀kadà wá gbé mi. Kò sọ̀rọ̀ kankan títí a fi délé, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ mọ̀ pé ìyẹn gan-an iṣẹ́ ìyanu ni.

Ìpàtẹ wáyé. Iná kò sí. Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, okùn tó yẹ kó so kọ̀ǹpútà mọ́ ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri kò bá a mu. Wọ́n wá okùn káàkiri Ìkàrẹ́, tíṣà Òkè-Àgbè ló jó okùn méjì pọ̀ fún wa. Ẹni tó wá jókòó síwájú ni Bọ̀dé, ó gbé Màmá Rúùtù lẹ́yìn ọ̀kadà wá. Nígbà tí ògúlùtu dé ojú ògiri, gbogbo gbọ̀ngàn hó. Bọ̀dé wá dìde, ó ní òun ní ọ̀rọ̀ kan: kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ mú nǹkan fò lókè kọ́kọ́ sọ fún àwọn ọdẹ àdúgbò, nítorí ẹni tí ẹ̀rù ń bà tí ìbọn sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kì í béèrè ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó kọ nọ́ńbà rẹ̀ sára pátákó. Èmi náà, mo há a sórí!

Kò pẹ́ sí ìgbà náà, Bọ̀dé pè mí. Ó ní àwọn ọdẹ abúlé kan mú ọkùnrin kan pẹ̀lú nǹkan bíi tèmi, wọ́n ti ń lù ú, kí n máa bọ̀ wá wò ó. Bàbá Tóbi gbé mi, a sáré. A bá a nílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń jáde lórí rẹ̀. Mo gba ẹ̀rọ, mo ṣí i, mo fi hàn wọ́n: ilẹ̀ ló ń wọ̀n. Sọ̀féyọ̀ ni. Wọ́n fi í sílẹ̀, a gbé e lọ sí ọsibítù. Dókítà ní ká ní ó pẹ́ díẹ̀ sí i ni, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀.

Ó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì yìí láàárọ̀ yìí. Ẹ wo ẹ̀yìn, ẹni tó de báńdéèjì mọ́rí, tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì búlúù. Ìyàwó rẹ̀ ló jókòó tì í yẹn. Ẹ dìde, sà, kí wọ́n rí yín.

Ẹ̀yin ará, ẹ rí i? Ó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ògo ni fún Ọlọ́run tó gbọ́ ìjà mi tó sì pè é ní àdúrà. Gbogbo ẹni tó bá ní ẹsẹ̀ níbí, ẹ dìde, ká jọ bá bùrọ́dà yìí jó!