Níbi Tí Wọ́n Ti Rán Mi

Ẹ má sọ pé kí n jókòó, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́! Ta ló lè jókòó? Èmi tí mò ń fi ìdí kan jókòó bí ẹni tó fẹ́ sáré, látìgbà tí mo ti bí ọmọ yìí! Èmi aránṣọ, tí aṣọ oníbàárà kún ilẹ̀ yàrá, tí n ò lè dé ìdí ẹ̀rọ! Ẹ gba ọmọ. Ẹ rọra, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn ni.

Ó ń yún mi. Ibi tí wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán mi nígbà tí mo bímọ, ibẹ̀ náà ni mò ń wí, ẹ má wolẹ̀. Ó ń yún mi, ó ń ta mí, bí mo bá fẹ́ tọ̀, àfi kí n di ògiri balùwẹ̀ mú. Mo sọ fún ìyá ọkọ mi. Ṣé ẹ mọ ohun tí màmá wí? Wọ́n ní n kì í wẹ̀ dáadáa! Èmi! Èmi tí ẹ̀yin fúnra yín ń pè ní Ìyá Ọlọ́ṣẹ láti kékeré! Wọ́n ní kí n máa da oògùn apakòkòrò tí wọ́n fi ń fọ egbò sómi gbígbóná, kí n máa jókòó sínú ẹ̀. Mo ṣe é láàárọ̀, mo ṣe é lálẹ́. Ọlọ́run ló gbọ́, gbogbo ibẹ̀ bó bí èèpo tòmátì!

Ọkọ mi ńkọ́? Hùn. Ó ti kó ìrọ̀rí lọ sí pálọ̀. Ó ní òun ò fẹ́ yọ mí lẹ́nu. Àṣé ó ti sọ fún ìyá ẹ̀ ní kíṣìnnì pé nǹkan kan ń rùn. Nǹkan kan! Yéè, ẹ gbà mí!

Mo lọ o! Ọsibítù ni mo ti ń bọ̀ yìí. Níbi tí gbogbo wa jókòó sí, tọkùnrin tobìnrin, ni nọ́ọ̀sì ti bi mí pé kí ló ń ṣe mí. Mo ní ẹ jẹ́ ká wọlé. Ó ní èrò pọ̀, kí n sọ ọ́ níbẹ̀. Mo rọra sọ ọ́. Ó pariwo, "Ojú ara ló ń yún ọ?" Ẹ̀gbọ́n mi, bàbá tí mo máa ń rán ṣòkòtò fún wà níbẹ̀! Ó yíjú sí fèrèsé. Mo gbé ọmọ, mo jáde. N ò rí dókítà.

Kí ni kí n ṣe? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bímọ ṣáájú mi, ẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fọ́mọ lọ́mú, ẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wẹ̀ ẹ́, ẹ ò sọ tibẹ̀ fún mi. Kí ló dé? Àbí tiyín ò ṣe báyìí?

Kí lẹ wí? Ó ti ṣe yín rí?

Ẹ̀yin náà? Háà! Ta lẹ sọ fún? Kò sẹ́ni kankan? Yíyún náà sì lọ fúnra ẹ̀, àbí... Ẹ má sunkún, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ó jí ọmọ.

Ó dáa. Ẹ tẹ́ ọmọ sílẹ̀. Ẹ tilẹ̀kùn. Mo fi dígí gbìyànjú, n ò rí nǹkan kan. Ẹ bá mi wò ó. Bó bá burú, ẹ má fi pa mọ́ fún mi. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wọ bàtà, kẹ́ ẹ sìn mí padà sí ọsibítù. N ò lè dá a lọ mọ́.