Wọ́n Ti Ṣe Sẹ́ńdìfọ́ọ̀tì fún Mi, Mi Ò sì Lọ Síbì Kankan

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, àgbò kan wà lẹ́yìnkùlé mi ní Angwan Rukuba báyìí. Mi ò rà á, mi ò sì jí i. Àwọn àpò pòtétò wà nílé ìdáná, kábéèjì àti kárọ́ọ̀tì kò jẹ́ kí ilẹ̀kùn ṣí dáadáa, fọ́tò mi tí wọ́n fi dígí bò sì wà lára ògiri pálọ̀, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "A kò ní gbàgbé rẹ láéláé." Èmi tí wọn kò ní gbàgbé yìí, ojoojúmọ́ là ń ríra. Bí mo bá pàdé ẹni tó gbé pòtétò wá, ilẹ̀ ni mò ń wò. Ta ni mo fẹ́ bá sọ ọ́ bí kò ṣe ẹ̀yin?

Kóòṣì bọ́ọ̀lù ni mí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan nílùú Jos. Bàbá mi kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ wá ṣe akọ̀wé rélùwéè, ibí ni wọ́n bí mi sí. Iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ ni mo kọ́ ní Pólì, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kan ṣoṣo tí mo tíì wọ̀n títí dòní ni pápá bọ́ọ̀lù. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Tèmi kò sí níbẹ̀. Ojú kan ni Ọlọ́run fún mi, kì í yí padà: bí mo bá ń dá àpárá, òun ni; bí mo bá ń ṣọ̀fọ̀, òun náà ni. Mo ti fi ojú yìí sọ fún àwọn agbábọ́ọ̀lù mi rí pé adití ni rẹfirí tó ń bọ̀, kí wọ́n máa fi ọwọ́ bá a sọ̀rọ̀. Wọ́n fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ títí di ìsinmi. Rẹfirí ní òun kò rí ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ilé tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ní sáà yìí la wá bẹ̀rẹ̀ sí í pàdánù. Kì í ṣe pé wọ́n ń lù wá bí ẹni ń lu bàrà o. Góòlù kan péré ni, ṣùgbọ́n ọ̀kan ọ̀hún kì í yẹ̀, tiwa kì í sì í wọlé. Kò pẹ́ tí àhesọ fi gba ìgboro pé wọ́n fẹ́ yọ mí. Máìgádì ẹnu géètì, tó máa ń fi ọwọ́ kan kí mi, bẹ̀rẹ̀ sí í fi méjèèjì kí mi: "Coach, sai haƙuri," bí ẹni ń kí ọlọ́fọ̀ pé kó ní sùúrù. Ọ̀gbẹ́ni Pam, olùkọ́ eré ìdárayá tí wọ́n ní yóò gba ipò mi, wá wọn fèrèsé ọ́fíìsì mi kó lè rán kọ́tìnì. Mo bá a di etí téèpù mú.

"Coach, ẹ má bínú o."

"Wọ̀n ọ́n dáadáa," mo ní, "oòrùn máa ń ta síbẹ̀ lọ́sàn-án."

Ẹ má rò pé ẹ̀rù kò bà mí. Kóòṣì tó ti ń hewú, tí wọ́n yọ nítorí pé kò borí, ta ni yóò gbà á síṣẹ́? Ìyàwó mi, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n bí sí Zawan lẹ́bàá Jos, tí Haúsá rẹ̀ já gaara ju Yorùbá lọ, kò lè jẹun dáadáa mọ́. "Bàbá Tolú, haba. Ẹ sọ fún wọn pé ẹnikẹ́ni ò tíì yọ yín. Ẹ fi ojú òótọ́ sọ ọ́." Mo ní ojú òótọ́ náà nìyí.

Mo kúkú sọ ọ́. Mo sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo sọ ọ́ lọ́jà, mo sọ ọ́ ní pápá. Ńṣe ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín tí wọ́n tún ń nu ojú. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, ṣebí ọṣẹ náà ni yóò dà? Ó ti pẹ́ tí mo ti ń dá àpárá, òótọ́ mi ti di àpárá.

Bẹ́ẹ̀ ni Bàbá Àlàbí, oníṣòwò aṣọ tó jẹ́ alága ẹgbẹ́ àwa ọmọ Yorùbá ládùúgbò, pe ìpàdé. Ní Jos níbí, ẹni tí wọ́n gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí Kuru tó wà nítòsí lásán, tí a lè rí lọ́la, a ó se jọ̀lọ́ọ̀fù, a ó fún un lẹ́bùn, a ó ṣe sẹ́ńdìfọ́ọ̀tì fún un. Bàbá ní, "Ọmọ wa kò ní jáde níṣẹ́ bí ẹni tí wọ́n lé. Kí wọ́n tó lé e, àwa fúnra wa la ó sìn ín jáde."

"Bàbá, mi ò lọ síbì kankan."

"Jókòó, ọmọ mi. Gbogbo wa la mọ̀."

Pápá kọ́lẹ́ẹ̀jì ni wọ́n ti ṣe é lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé. Wọ́n pe Màdáámù, ọ̀gá àgbà wa, kó wá jókòó sí àga ọlọ́lá, nítorí ọ̀gá ẹni ló máa ń jókòó síbẹ̀. Músá, gólì wa, gba maìkì. Ó ní nígbà tí òun kọ́kọ́ dé, bí bọ́ọ̀lù bá ti ń bọ̀ ni òun ń dijú. "Kóòṣì wá fi ìmọ̀ wíwọn ilẹ̀ búra fún mi pé ilé góòlù wa kéré ju ti gbogbo ayé lọ, pé òun ló wọ̀n ọ́n. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti dijú mọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ wọ̀n ọ́n. Bákan náà ni gbogbo wọn rí. Kóòṣì, na gode, ẹ ṣé o. Ẹ tàn mí jẹ, mo sì mọ bọ́ọ̀lù mú." Ojú mi kò yí padà, ṣùgbọ́n omi ń jáde níbẹ̀. Àwọn èèyàn rò pé eruku ọyẹ́ ni.

Màdáámù dìde. "Coach, ta ló fẹ́ gbà yín lọ́wọ́ wa?"

"Màdáámù, kò sẹ́nì kankan."

Gbogbo pápá bú sẹ́rìn-ín.

"Ṣé kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn ará Kuru ni?"

"Mi ò mọ ẹnì kan ní Kuru."

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. "Ó ń bò wọ́n láṣìírí ni," ó sọ fún Bàbá Àlàbí, ló bá gba maìkì. "Ẹ gbọ́ o. Kóòṣì yìí kò lọ síbì kankan. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀."

Pápá dà rú. Wọ́n gbé mi sókè, bàtà mi kan já bọ́, mi ò tíì rí i títí dòní. Ìyàwó mi ń bá Ọ̀gbẹ́ni Pam jó. Pam ti rán kọ́tìnì rẹ̀ tán. Ó fi ta mí lọ́rẹ, ó sì bá fèrèsé náà mu gẹ́lẹ́.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo lọ bá Màdáámù lọ́fíìsì kí n lè jẹ́wọ́ pé lóòótọ́ ni mo sọ, pé kò sí kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ń wá mi. Ó ní, "Coach, ọ̀sẹ̀ yìí gan-an ni mo fẹ́ yọ yín. Mi ò mọ̀ pé àwọn ẹlòmíràn ti rí ohun tí èmi ò rí." Mo ní wọn ò rí nǹkan kan. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀.

Ó wá ku àwọn ẹ̀bùn. Ẹ̀bùn ẹni tó ń lọ ni, èmi kò sì lọ. Mo fa àgbò padà sọ́dọ̀ Bàbá Àlàbí. Ó kọ̀ jálẹ̀. "Mú un padà sílé, ṣùgbọ́n má pa á o. Ẹ ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Sátidé. Bí ẹ bá tún pàdánù, níbo la ti fẹ́ rí àgbò mìíràn?"

Ẹni tó bá ní ojú bíi tèmi, kó tètè wá ẹnì kan tí yóò máa gbà á gbọ́. Ní tèmi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí Sátidé tó pé. Ṣé kí n pa àgbò yìí kí ayé lè mọ̀ pé ọkàn mi balẹ̀, àbí kí n ṣì máa fi ewé kábéèjì bọ́ ọ? Bí mo ṣe ń kọ èyí, ó dúró lẹ́nu fèrèsé, ó ń wò mí. Ojú rẹ̀ kò yí padà.