Èmi Tí N Kì Í Kírun Ni Mo Bá Wọn Wẹ Màámi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ máa ka èyí, ẹ má tíì bú mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi. Ǹ bá má sọ ọ́ títí láé, àmọ́ Ìyá Múrí pè mí láti Ẹ̀pẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá pé àwọn ń bọ̀ wá síbi ìgbéyàwó mi.

Ọmọ Àjàṣẹ́ ni mí, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Mo yọ̀ǹda ara mi láti lọ kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní Faransé ní Ẹ̀pẹ́, láìgbowó oṣù. Ilé Ìyá Múrí, tí wọ́n ń ta ẹja, ni wọ́n fi mí wọ̀ sí. Sàfúrátù ni bàbá mi àgbà sọ mí. Mùsùlùmí ni wọ́n, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà ni màmá mi tọ́ mi dàgbà sí. Nílé tiwa, ìyẹn ò dájà sílẹ̀ rí.

Bí mo ṣe dárúkọ mi lọ́jọ́ tí mo dé, Ìyá Múrí dì mọ́ mi.

"Alihamudulilai! Mo ti sọ fún wọn pé mùsùlùmí ni kí wọ́n mú wá fún mi o. Màámi ò lè jẹun lọ́wọ́ ẹni tí kì í kírun."

Màámi ni ìyá ọkọ wọn. Wọ́n ti darúgbó, ẹsẹ̀ wọn ò gbé wọn mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n Ìyá Múrí ti gbé ẹ̀bà síwájú mi. Wọ́n sì ti sọ fún wa ní Ìkòròdú, níbi tí wọ́n ti pín àwa olùyọ̀ǹda sílé onílé, pé ẹni tí ilé ò bá gbà, á padà sílùú rẹ̀. Mo kàn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló di irọ́.

Ní ìdájí, wọ́n gbé omi àlùwàlá fún mi. Mo ń yọ́ wo bí wọ́n ṣe ń fọ ẹsẹ̀ kí n tó fọ tèmi. Tí wọ́n bá forí kanlẹ̀, èmi náà á forí kanlẹ̀. Ọ̀dọ̀ Màámi nìkan lọkàn mi ti ń balẹ̀. Èmi ni mo ń fún wọn lẹ́kọ mu láràárọ̀.

"Sàfúrá, ọwọ́ ẹ rọ̀," ni wọ́n máa ń wí. "Ìwọ ni kó o bá wọn wẹ̀ mí tí mo bá kú."

"Ẹ máa pẹ́ fún wa, mà."

Wọn ò pẹ́. N kò tíì lo oṣù kan nílé náà tí Màámi fi kú. Mo ní mi ò lè wẹ̀ wọ́n, àwọn ará ilé rò pé ẹ̀rù òkú ló ń bà mí. Ìyá Múrí fà mí lọ́wọ́ wọlé. "Ìwọ ni wọ́n yàn."

Mo wẹ̀ wọ́n. Mo ń sunkún, n kò mọ àdúrà tó yẹ kí n ṣe, mo bá fi àtàǹpàkò ṣe àmì àgbélébùú síwájú orí wọn, bí màmá mi ṣe máa ń ṣe fún mi kí n tó sùn. Ìfẹ́ ni mo fi ṣe é. Nígbà tí mo gbójú sókè, Ìyá Múrí ń wò mí. Wọ́n bu omi, wọ́n dà á síbẹ̀ gan-an. Bóyá wọ́n rí i o, bóyá wọn ò rí i, n kò mọ̀. Wọn ò sọ nǹkan kan títí dòní.

Ní báyìí, wọ́n rò pé yìgì la fẹ́ so. Wọ́n ní àwọn ń mú ìborùn funfun Màámi bọ̀, kí n fi borí lọ́jọ́ náà. Ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti fẹ́ ṣègbéyàwó.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n pè wọ́n kí wọ́n tó wọkọ̀? Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ ọ́?

Màámi, ẹ dárí jì mí. Ẹ ò lè jẹun lọ́wọ́ ẹni tí kì í kírun, ọwọ́ mi lẹ sì ti jẹun gbẹ̀yìn.