Igbó Tó Mọ Gábàsì

Ìjọba òyìnbó ò tíì pẹ́ n'Ílọrin lọ́jọ́ tí mo jókòó dúró de onígbàjámọ̀ lọ́jà Ìpàta, tí àáfáà àgbà kan ń bá ọkùnrin tó ń gbẹ́ sàréè fún ṣọ́ọ̀ṣì sọ̀rọ̀.

"Igbó lásán la kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa sí, Àáfáà."

"Igbó lásán. Egungun tí ẹ hú níbẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni gbogbo wọn fi dùbúlẹ̀. Wọ́n kọjú sí gábàsì bí ẹni tó fẹ́ kírun."

Àáfáà fọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀. "Igbó tó mọ gábàsì. Kí ni pásítọ̀ yín wá wí?"

"Ó ní ká bò wọ́n, ká mọ pẹpẹ lé wọn lórí."

"Ó ṣeun. Bàbá mi wà níbẹ̀. Láyé rẹ̀, mọ́sálásí nìkan ló mọ̀. Ní báyìí, kì í pa ìsìn ṣọ́ọ̀ṣì kankan jẹ."