Táǹkì Mi Kún Lọ́jọ́ Tí Ilé Aránṣọ Jó

Ẹ jókòó. Ẹ má kí mi, ẹ má sì pè mí ní bàbá àdúgbò mọ́. Dókítà ti sọ ibi tí àìsàn ọkàn mi dé, mi ò sì ní gbé irọ́ yìí wọ inú ilẹ̀. Inú ń bí mi. Ara mi ni mo ń bínú sí, mo sì ń bínú sí ẹ̀yin náà tí ẹ gba gbogbo ohun tí mo sọ gbọ́ láìbi mí léèrè ohunkóhun.

Ẹ rántí ọ̀dá tó kọjá yìí. Odò tí iléeṣẹ́ omi ń fà gbẹ títí kò fi ku nǹkan kan bí kò ṣe ẹrẹ̀. Wọ́n ní omi yóò máa dé ọ̀dọ̀ wa lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fi fọ mọ́tò, kí ẹnikẹ́ni má bomi rin òdòdó. Ẹ fi mí ṣe alága tí yóò máa ṣọ́ ọ. Mo sì ṣọ́ ọ! Mò ń wọ ojúlé dé ojúlé, mò ń jágbe mọ́ ìyàwó ilé tó bá da omi ìfọṣọ nù. Ológbò ń ṣọ́ ẹja.

Kò pẹ́ tí mo fi pe púlọ́ńbà. Mo ní kó so páìpù kan mọ́ èyí tó gba abẹ́ títì, kó darí rẹ̀ sínú táǹkì tí mo gbẹ́ sábẹ́ ibi tí mò ń gbé mọ́tò sí. Ọkùnrin náà họ orí. "Alága, omi tó yẹ kó gun òkè lọ bá àwọn ará ẹ̀yìn yín lẹ fẹ́ gbà yìí o." Mo ní, "Ṣé páìpù ni mo ní kí o so, àbí ìwàásù ni mo ní kí o ṣe?" Ọ̀sán gangan ló ṣe é. Mo ní páìpù tó ń jò la ń tún ṣe, ẹ tún dúpẹ́ lọ́wọ́ mi!

Omi ò fi bẹ́ẹ̀ dé òkè mọ́. Aránṣọ tó ń gbé nílé tó kẹ́yìn pẹ̀lú ìyá rẹ̀ tí kò lè dá dìde ló wá bá mi. "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wo ẹ̀rọ yìí. Bí itọ́ ló ń tu omi. Èyí tí mo fi wẹ Màámi ni mo tún fi ń fọlẹ̀." Ẹ̀rù bà mí pé yóò wádìí ọ̀rọ̀ dé ìdí. Mo pe ìpàdé, mo ní òun ló ń jí omi tà fáwọn tó ń kọ́lé. Ẹ pariwo lé e lórí. Ẹ ní ká ti ẹ̀rọ rẹ̀ pa, ọwọ́ mi yìí ni mo sì fi tì í. Kò sunkún. Ó ní, "Dádì, ẹ̀yin náà mọ̀ pé irọ́ ni." Mo kórìíra rẹ̀ nítorí pé òótọ́ ló sọ. Ìkà ni mí!

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni áyọ́ọ̀nù gbé iná sọ aṣọ nílé rẹ̀. Ó sáré dé géètì mi láìwọ bàtà, garawa òfìfo lọ́wọ́. "Dádì, Màámi wà ní yàrá! Ẹ fún mi lómi!" Abẹ́ ilẹ̀ tí mo dúró lé, omi kún un dẹ́nu. Bí mo bá ṣí i, àṣírí tú. Mo wo ojú rẹ̀, mo ní, "Kò sí ẹ̀kán kan nílé mi."

Àwọn ọkùnrin fi iyẹ̀pẹ̀ jà, wọ́n fa ìyá náà jáde, ṣùgbọ́n ẹ̀pa ò bóró mọ́. Níbi ìsìnkú, èmi lẹ ní kí n sọ̀rọ̀. Mo ní ọ̀dá ló pa á. Irọ́ gbuu! Èmi ni mo pa á.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tí ẹ bá fi ṣọ́ nǹkan yín, ẹ máa ṣọ́ òun náà. Aránṣọ, mo bẹ̀ ọ́, dárí jì mí. Bí o ò bá lè ṣe é, o ò jẹ̀bi. Ẹ̀yin tó kù, ẹ má bá mi bẹ̀ ẹ́ o. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún un pé àgbà ni mí, kó fi ti àgbà ṣe. Àgbà tí ẹ ń pè mí yẹn ni kò jẹ́ kí ẹ gbọ́ tirẹ̀. Ẹ dákẹ́. Ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀.