Ẹsẹ̀ Méjèèjì Ni Mo Fi Dúró Níwájú Yín

Ẹ bá mi ké halelúyà kó dé Òkè Màpó! Ẹ̀yin ará, ẹ wo ẹsẹ̀ mi. Ọ̀tún rèé. Òsì rèé. Olúwa, mo dúpẹ́ o!

Nígbà tí wọ́n ṣì ń kọ́ gbọ̀ngàn sórí Màpó, oówo yọ sí mi ní àtẹ́lẹsẹ̀ òsì. Dókítà là á ní ọsibítù, àmọ́ egbò náà kọ̀, kò jinná. Ibà gbé mi. Mo ń sùn, mo ń jí, òrùlé àdúgbò Bẹẹrẹ ń rọra kọjá lójú fèrèsé bí ìkùukùu. Mo ń rí èèrà lára ògiri, wọ́n tò bí ará ìjọ tó ń lọ gba oúnjẹ Olúwa. Mo rò pé àlá ni.

Dókítà ní, "Màmá, bí kò bá jinná, a máa gé ẹsẹ̀ yìí."

Háà! Mo sunkún. Jésù!

Dókítà yẹ ìtọ̀ mi wò, ó rí ṣúgà níbẹ̀, ó sì ránṣẹ́ pe dókítà mìíràn, ẹni tó mọ̀ nípa àrùn àtọ̀gbẹ. Láràárọ̀, àwọn dókítà méjèèjì pẹ̀lú nọ́ọ̀sì àti alásè ọsibítù á dúró yí ibùsùn mi ká, wọn á jọ fikùnlukùn. Ọ̀kan ń wo egbò, ọ̀kan ń gún mi lábẹ́rẹ́, ọ̀kan ń wọn oúnjẹ mi. Síbẹ̀, ṣúgà inú ìtọ̀ mi kò dín.

Lọ́jọ́ kan, nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Màmá, èèrà yìí ń lọ síbì kan o."

Àṣé kì í ṣe àlá! Igbá oyin tó wà lábẹ́ ibùsùn mi ni wọ́n ń lọ bá. Ní agboolé wa, ẹni tó bá wá kí aláìsàn á ṣàdúrà sí oyin, aláìsàn á sì lá a lójú rẹ̀. Bí n kò bá lá a, mo kọ àdúrà nìyẹn.

Dókítà àtọ̀gbẹ ní, "Oyin yìí ló ń ba iṣẹ́ wa jẹ́."

Ìyá ọkọ mi fárígá. "Ṣé ọwọ́ òfo la ó máa fi wá kí ìyàwó wa ni?"

Dókítà náà ní, "Rárá, Ìyá àgbà. Ẹ dara pọ̀ mọ́ wa. Ẹ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kẹ́ ẹ máa bá ìyàwó yín lá oyin àdúrà náà."

Bó ṣe jókòó nìyẹn o! Ó ń lá oyin, ó ń ṣàmín, ó ń sanra. Èmi ń jẹ ohun tí wọ́n wọ̀n fún mi. Ibà lọ. Èèrà lọ. Egbò ń pa dé díẹ̀díẹ̀. Dókítà àkọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀ mi sọ́wọ́, ó rẹ́rìn-ín. "A ò gé e mọ́."

Baba, mo dúpẹ́! Mo tún dúpẹ́! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú àìsàn, ẹ má sọ̀rètí nù. Ọlọ́run lè rán èèyàn púpọ̀ yí yín ká. Ẹ gbà wọ́n.

Ìyá ọkọ mi ló ń pàtẹ́wọ́ níwájú yẹn. Ẹ sún díẹ̀ fún mi, ẹ̀yin ará. Ẹsẹ̀ òsì yìí fẹ́ jó.