Àforíjì tí Salmah Gbà Padà

Ọ̀rọ̀ tí Mùjídátù gbé mì láti ọdún mẹ́jọ, ẹ gbọ́ bó ṣe bì í lọ́jọ́ Sátidé, ní ṣọ́ọ̀bù Salmah ní ọjà Singer. Mẹ́kà ló ń lọ, ẹni tó bá sì ń lọ sí Mẹ́kà a máa tọrọ àforíjì kiri kó tó wọ bàálù. Gbogbo Niger Street, níbi tó ti ń ṣe tíṣà, ló ti kárí: "Bí mo bá ṣẹ̀ yín, ẹ forí jì mí." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "A ti forí jì ẹ́, Tíṣà. Bá wa ṣàdúà lọ́hùn-ún o."

Salmah náà rẹ́rìn-ín. Ó gbé páálí mílíìkì kalẹ̀. "Haba, Mùjí! Kí lo ṣe fún mi? Mo ti forí jì ẹ́ tọkàntọkàn. Sai kin dawo, ó dìgbà tó o bá dé."

Ó yẹ kí Mùjídátù máa lọ, àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀. Àforíjì ẹni tí ò mọ ohun tó ń forí jì, èwo ni tiẹ̀?

Nígbà tí àwọn méjèèjì wà ní yunifásítì, ẹgbẹ́ Àsàlátù àwọn ìyá wọn ló ń san owó ilé-ìwé wọn. Wọ́n sì ti là á mọ́lẹ̀: ẹni tí máàkì rẹ̀ bá já wálẹ̀, ẹgbẹ́ ò ní san tiẹ̀ mọ́. Orí Salmah pé. Mùjídátù, ká má parọ́, fóònù ló ń tẹ̀. Ìgbà tí ìyá Salmah wá ṣàìsàn, tí Salmah dúró tì í ní ọsibítù, ó kó iṣẹ́ tó ti kọ lé Mùjídátù lọ́wọ́ pé kó bá òun fún olùkọ́ wọn.

"Salmah, mi ò tíì kọ nǹkan kan nígbà yẹn," ni Mùjídátù wí, omi ti ń dà lójú ẹ̀. "Mo ya ojú ewé tí orúkọ ẹ wà, mo fi tèmi sí i. Ọlẹ ni mí, olè sì ni mí. Ìyẹn gan-an kọ́ ló burú jù. Ọjọ́ tí máàkì ẹ já torí iṣẹ́ tí olùkọ́ ò rí gbà, tí Ìyá Àdínì, olórí ẹgbẹ́, pè wá sí mọ́ṣáláṣí, o ní, 'Mùjídátù ni mo fún.' Èmi ní, 'Wallahi, kò fún mi ní nǹkan kan.' Mo fi Ọlọ́run búra irọ́, níwájú ìyá ẹ!"

Ọjọ́ yẹn ni ẹgbẹ́ dáwọ́ owó Salmah dúró, tó fi dèrò Singer.

Salmah ti páálí mílíìkì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Mo gba àforíjì mi padà," ló wí. "Ibi tó o ti búra ni kó o ti lọ sọ ọ́."

Nígbà tó di Sọ́ńdè, Àsàlátù kún. Mùjídátù dìde. Ìyá Àdínì rò pé àdúà ìrìn-àjò ló fẹ́, wọ́n ti gbọ́wọ́ sókè. Ó sọ gbogbo ẹ̀, kò fi bò. Ẹnì kan pòṣé. Ìyá Àdínì ní, "Èèmọ̀! Tíṣà tá a ní káwọn ọmọ wa máa wò kọ́ṣe!" Ó dun Mùjídátù wọra, síbẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́ ni àyà rẹ̀ ń fúyẹ́, ó ń mí kanlẹ̀. Ó yíjú sáwọn ọmọbìnrin tí ẹgbẹ́ ń san owó wọn báyìí. "Bí máàkì yín bá já, ẹ sọ pé ó já. Kò ní pa yín. Irọ́ tí mo fi bò ó ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí."

Salmah ò tiẹ̀ wò ó. Ìyá ẹ̀ ló ń wò, ìyá tó jẹ́ pé láti ọjọ́ tí Mùjídátù ti búra, bí Salmah bá ní òun ti kírun, á ní kó tún un kí.

Ìyá Salmah dìde, wọ́n kọjú sí i. "Ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń pè ẹ́ ní òpùrọ́. Ọmọ mi, forí jì mí."

Salmah bú sẹ́kún, ó dì mọ́ wọn. Ó pẹ́ kó tó gbójú sókè.

"Mùjí," ló wí, "gba àforíjì ẹ. Mo ti wá mọ ohun tí mò ń forí jì."